Ẹ̀gbẹ́ Tí Àlàájì Abdel-Mawgoud Yóò Fi Sùn

Ní ọsibítù wa ní Damanhur, bí o bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n ka ènìyàn kún, wo ibi tí wọ́n fún un láti gbé báàgì rẹ̀ kọ́. Àwọn dókítà ní kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn nọ́ọ̀sì ní yàrá, wọ́n sì ní ìkòkò tíì níbẹ̀. Èmi Insaf, tí mo ti fi ọwọ́ méjèèjì yìí gbọn kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde láyà ènìyàn fún ọdún mọ́kàndínlógún, ìṣó kan ni wọ́n fún mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbálẹ̀.

Ọ̀gá wọ́ọ̀dù tiwa, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá aláìsàn mí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wagdi ni. Onímásáàjì ló ń pè mí. Bí àlejò ńlá bá ń bọ̀ láti Kairo, á ní, "Ẹ pe onímásáàjì yẹn kó wá fọwọ́ pa wọ́n lára díẹ̀, kí wọ́n rí i pé a ní gbogbo nǹkan." Bí àlejò bá ti lọ, ó di ọjọ́ mìíràn. Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi dùn mí mọ́. Kìkì pé ó máa ń rí mi lára bí ìgbà tí akọ̀wé bá ń pe alágbẹ̀dẹ ní ẹni tó ń fi irin ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ mi ní kúkúrú, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n ti di ọ̀jọ̀gbọ́n láì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ, wọ́n ti rọ́bà bọ̀ ọ́ lẹ́nu dé ọ̀nà èémí, ẹ̀rọ wá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà náà kò jẹ́ kó lè wúkọ́, oògùn oorun tí wọ́n fún un kò sì jẹ́ kó rántí pé ikọ́ wà. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á máa jókòó síbẹ̀, á máa ki, títí aláìsàn yóò fi rì bí ẹni tó bọ́ sínú kànga tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́. Níbẹ̀ ni mo ti wọlé. Èmi ni ikọ́ ẹni tí kò lè wúkọ́. Bí ìyẹn bá jẹ́ másáàjì, a jẹ́ pé iṣẹ́ apẹja náà, omi ló kàn ń rò.

Àlàájì Abdel-Mawgoud ni wọ́n gbé wá fún wa lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Òun ló ń ta ẹ̀wà fúùlù níwájú ibùdókọ̀ ojú irin, kò sì sí ẹ̀dá kan ní ọsibítù yìí, àti dókítà àti agbálẹ̀, tí kò tíì fi búrẹ́dì kó ẹ̀wà rẹ̀ jẹ rí. Òtútù kan mú un, ó ní kò sí nǹkan kan. Ó tún ń fa ìkòkò tábà lé e lórí. Kó tó di ọjọ́ kẹrin tí òtútù náà mú un, ẹ̀dọ̀fóró apá ọ̀tún ti kún dí. Wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń bá a fà á. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo fi í sílẹ̀ dáadáa: mo gbé e sùn lórí ẹ̀gbẹ́ òsì, mo fi ìrọ̀rí mẹ́ta tì í lẹ́yìn, ọ̀tún tó bàjẹ́ wà lókè. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ̀dọ̀fóró tó ṣì dára ni kó wà nísàlẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè lọ pàdé afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Èyí tó kún fún ìdọ̀tí ni kó wà lókè, kí ohun inú rẹ̀ lè máa ṣàn wá sẹ́nu ọ̀nà. Ìgò òróró ni: bí o bá kọ ẹnu rẹ̀ sókè, kí ló fẹ́ dà jáde níbẹ̀? Nọ́ńbà atẹ́gùn ara rẹ̀, tí ẹ̀rọ ń kà nínú ọgọ́rùn-ún, jẹ́ márùndínlọ́gọ́rùn-ún nígbà tí mo ń lọ. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sórí pépà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè orí rẹ̀: Ẹ̀GBẸ́ ÒSÌ TÀBÍ Ẹ̀YÌN NÌKAN. Ẹ MÁ ṢE GBÉ E SÙN LÓRÍ Ọ̀TÚN.

Ọjọ́ Jímọ̀, n kì í wá. Kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ mi lọ́jọ́ Jímọ̀ ní ọsibítù yìí. Ó jọ pé wọ́n rò pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà máa ń lọ kírun ni.

Láàárọ̀ Sátidé, láti orí àtẹ̀gùn ni mo ti ń gbọ́ igbe ẹ̀rọ. Mo mọ igbe yẹn. Ẹ̀rọ tó bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí afẹ́fẹ́ kò ríbi wọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ké. N kò tilẹ̀ bọ́ kóòtù. Mo wọlé, mo rí Àlàájì lórí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ojú rẹ̀ kọ sí fèrèsé, ètè rẹ̀ dà bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró. Nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Lórí pépà mi, wọ́n ti lẹ pépà mìíràn mọ́ ọn, àdúrà ni wọ́n tẹ̀ sí i lára, wọ́n fi òdòdó aláwọ̀ ewé yí i ká.

"Sabrin! Ta ló yí ọkùnrin yìí?"

Sabrin ni nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, kìkì pé ẹ̀rù gbogbo ayé ló ń bà á. "Àǹtí Insaf, ẹ káàárọ̀ ná."

"N kò tíì kí ẹnikẹ́ni. Ta ló yí i?"

"Àwọn ẹbí ni o. Àlùfáà Metwalli, àbúrò wọn."

"Ìwọ ńkọ́? O ń wò wọ́n?"

"Àǹtí, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ fún àlùfáà pé kó má kọ ojú ẹni tó ń kú sí gábàsì?"

"Ta ló sọ fún un pé ó ń kú?"

Ó sọ ọ́ fún mi. Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nǹkan bí agogo mẹ́ta, nọ́ńbà wálẹ̀ sí àádọ́rùn-ún. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lásán ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, rọ́bà ìfàkẹ̀lẹ̀bẹ̀ kan, ó parí. Ṣùgbọ́n Dókítà Karam, ọmọdé dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, pe Ọ̀jọ̀gbọ́n lórí fóònù. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà lóko rẹ̀, ó ń jẹ pẹ́pẹ́yẹ. Ó fi ẹnu tó kún dáhùn pé, "Sọ fún àwọn ẹbí kí wọ́n máa ṣàdúrà." Ohun tó máa ń sọ nìyẹn bí kò bá mọ ohun tí yóò sọ. Karam wá gbé ọ̀rọ̀ náà lódidi, ó lọ kó o fún wọn ní ẹnu ọ̀nà.

Ní ìlú tiwa, bí dókítà bá ní kí o máa ṣàdúrà, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ "àdúrà." Ohun tí gbogbo wa ń gbọ́ ni "ẹ lọ ra aṣọ òkú." Kíá, Ìyá Rifaat, ìyàwó Àlàájì, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Rifaat ọmọ rẹ̀ fi orí gbá ògiri. Metwalli sì dìde. Inú ẹlòmíràn a máa dùn bí ikú bá fún un níṣẹ́ ṣe. Ó wọlé, ó káwọ́ aṣọ, ó yí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí ọ̀tún kí ojú rẹ̀ lè kọ sí gábàsì, lọ́nà Mẹ́kà, bí a ṣe ń ṣe fún ẹni tó ń lọ.

Láti ìgbà náà ni nọ́ńbà ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ó bọ́ sí mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, Metwalli ní, "Ṣé ẹ rí i, ó ti ń rí màlékà." Ó bọ́ sí mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ó ní, "Ó ti fẹ́ dé." Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ kó fi sùn pa á, wọ́n wá ń fi kíkú tó ń kú jẹ́rìí pé ẹ̀gbẹ́ tó yẹ ló fi sùn! Irú ọgbọ́n báyìí, èṣù pàápàá á ní kí wọ́n rọra.

Metwalli tí ẹ ń gbọ́ yìí, ilé-iṣẹ́ iná ló ti ṣiṣẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń ka mítà kiri. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì, ó lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀kan, ó bọ̀, ó wọ jálámíà funfun, láti ọjọ́ náà kò sí ọ̀rọ̀ kan tó le fún un mọ́ láyé àti lọ́run. Ẹ má gbọ́ mi gbọ́ òdì o. Mo ń kírun. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi yí ìyá tó bí mi sórí ọ̀tún lọ́jọ́ tirẹ̀, mo sì ka ohun tó yẹ kí n kà sí i létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kú la máa ń ṣe é fún. A kì í ṣe é fún ènìyàn kó lè kú.

Mo bọ́ kóòtù sílẹ̀. "Sabrin, di aṣọ abẹ́ rẹ̀ mú lápá ibẹ̀ yẹn. Di rọ́bà ẹnu rẹ̀ mú. Mo bá ti ní ẹ̀ta, a ó yí i."

Mo ka ení, mo ka èjì. Ilẹ̀kùn là gbàgà.

"Kúrò lára rẹ̀!" Metwalli nìyẹn, Rifaat àti ìyá rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé e. Ojú dígí ni wọ́n ti ń wò wá. "Obìnrin yìí, ṣé o kò ní ìtìjú ni? O fẹ́ kẹ̀yìn ẹni tó ń kú sí ilé Ọlọ́run?"

"Ẹ káàárọ̀, Àlùfáà. Ẹ bọ́ bàtà yín síta, ibí kì í ṣe ọjà."

"Mo ní kúrò níbẹ̀!"

"Bí mo bá kúrò, ta ló fẹ́ fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀? Ẹ̀yin? Ṣé bí ẹ ṣe ń ka mítà lẹ fẹ́ kà á ni?"

Sabrin rẹ́rìn-ín, ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Ojú Metwalli pọ́n. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Wagdi ló wọlé, bí ó ti ń ṣe ní gbogbo Sátidé, pẹ̀lú àwọn ọmọdé dókítà méje lẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, Karam ló kẹ́yìn.

"Kí ló dé tí ariwo ń sọ nínú wọ́ọ̀dù mi?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, obìnrin yìí fẹ́ lu òkú!" ni Metwalli wí.

"Kò tíì kú," ni mo wí. "Bó ṣe ku díẹ̀ kó kú ni à ń sọ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò wò mí. Ó wo nọ́ńbà, ó mi orí bí ẹni tó ń ka ìwé tó ti kà tẹ́lẹ̀. "Madam, ẹ fi ọkùnrin yìí sílẹ̀. Mo ti wo ẹ́síréè àárọ̀ yìí. Gbogbo apá ọ̀tún ti funfun. Òtútù àyà ti jẹ ẹ́ tán. Kò sí ohun tí másáàjì fẹ́ ṣe sí i mọ́. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, èmi náà ń wò ó níbi tí wọ́n gbé e kọ́ yẹn. Ó funfun lóòótọ́. Ọ̀nà èémí rẹ̀ ńkọ́, apá ibo ló tẹ̀ sí?"

Ó ṣí fáìlì, ó tún pa á dé.

"Apá ọ̀tún ló tẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ omi ló kún ibẹ̀, á tì í lọ sósì ni; bó bá sì jẹ́ òtútù àyà tí ẹ pè é yẹn, á dúró sáàárín. Nǹkan tó bá fa ọ̀nà èémí mọ́ra, òfìfo ni. Ẹ̀dọ̀fóró yẹn ti rọ̀ wẹ́lẹ́ bí bàlúùnù ọjọ́ kejì ọdún, nítorí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kan ti di ẹnu rẹ̀ bí édídí ìgò. Kò bàjẹ́. Wọ́n tì í pa ni."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí a ṣe ń wo ẹ́síréè?"

"Rárá o, ẹ ti kọ ìwé méjì lórí ẹ̀. Ẹ kàn gbé ọwọ́ yín lé e láyà fún mi. Ọ̀tún sí ọ̀tún, òsì sí òsì. Ẹ ka èémí mẹ́ta péré."

Kò gbé e lé e. Ọdún mẹ́wàá tí mo ti bá a ṣiṣẹ́, n kò rí i kó fọwọ́ kan àyà ènìyàn rí. Pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ ló fi ń nà sí wọn láti òkèèrè, bí ẹni tó ń yan ẹja lórí igbá. Mo yíjú sí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ní ọwọ́ nínú yín? Karam, ìwọ tó o lọ pín aṣọ òkú lánàá, máa bọ̀."

Ojú tì í, ó wá. Ó gbé ọwọ́ lé e. Ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ gbéra sókè, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dúró bí ẹni tó gbé e lé tábìlì. Ó tún dúró de òmíràn.

"Ọ̀gá," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Òótọ́ ni. Apá ọ̀tún kò mì rárá."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó. Mo mọ̀ pé ọmọ yẹn yóò fi ojú rí i ní ìdánwò tó ń bọ̀; ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́, kò sì lè dá a padà sẹ́nu.

"Ó dára," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Ẹ̀rín músẹ́ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí n kò fẹ́ràn. "Ẹ mú pépà wá. Madam yóò kọ ọ́ pé òun ló fi ìfẹ́ ara òun yí aláìsàn tó ń kú, tó sì lù ú láyà, lẹ́yìn tí ọ̀gá wọ́ọ̀dù ti ní kó má ṣe é. Bó bá kú lọ́wọ́ rẹ̀, ẹjọ́ di tirẹ̀."

"Ẹ gbé bírò wá."

"Àǹtí Insaf, ẹ jọ̀ọ́," ni Sabrin ń sọ lábẹ́nu.

Mo kọ ọ́. Mo fọwọ́ sí i pẹ̀lú orúkọ bàbá mi àti orúkọ bàbá bàbá mi, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé Insaf mìíràn ni. "Kí wọ́n tó pe ìrun Àílà lọ́sàn-án," ni mo wí, "bí nọ́ńbà yìí kò bá ti kọjá àádọ́rùn-ún, mo ti fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ fún yín." Ó jáde lọ sí ibùsùn kejì, ìrù rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tí ẹ̀mí ènìyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ a máa sáré. Ẹni tí ipò wà lọ́wọ́ rẹ̀ a máa rìn gbẹ̀rẹ̀.

Ó ku Metwalli. Ó ti na ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí aṣọ́lé tó ń ṣọ́ fúlọ́wà.

"Lójú ayé mi, ẹ kò ní kẹ̀yìn rẹ̀ sí gábàsì!"

"Ta ló fẹ́ kẹ̀yìn rẹ̀ sí i?" Mo tẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ ta búréèkì ibùsùn sókè. "Ẹ wo ìsàlẹ̀. Kí nìyẹn?"

"Kí ni?"

"Táyà ni, Àlùfáà. Ibùsùn ní táyà. Ẹ̀rọ náà ní táyà. Orí rẹ̀ ló wà níbí. A ó yí ibùsùn padà, orí á lọ síbi tí ẹsẹ̀ wà. Bó bá wá sùn lórí òsì, fèrèsé kan náà ni yóò máa wò. Gábàsì kò kúrò níbi tó wà. Odindi ọjọ́ kan lẹ fi dúró sí ẹ̀gbẹ́ nǹkan tó ní táyà, tí ẹ ń pa ènìyàn."

Ó yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́n tán kì í pẹ́ rí èsì. "Òsì kẹ̀? Ọ̀tún ni wọ́n ní kó jẹ́! Ṣé ẹ̀gbẹ́ òsì ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi lọ pàdé Ọlọ́run?"

"Kò tíì ń lọ pàdé ẹnikẹ́ni!"

Nígbà náà ni Ìyá Rifaat sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tó ti wọlé, kò tíì yanu. Obìnrin kékeré kan ni, ọwọ́ rẹ̀ ti gbó nínú ẹ̀wà rírẹ. Ó wá dúró níwájú mi, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, bí o bá yí i sí òsì, ṣé yóò yè?"

Ó ṣeé ṣe kí n purọ́ fún un. Àwọn tí wọ́n ní kọ́bọ́ọ̀dù ń ṣe é lójoojúmọ́. "Ìyá, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ báyìí, mo mọ̀."

Ó mi orí. Ó yíjú sí Metwalli. "Yẹra."

"Ìyàwó wa, ẹ̀sìn ni ọ̀rọ̀ yìí..."

"Mo ní yẹra! Ọdún mẹ́ta ni ọkọ mi fi ń ránṣẹ́ sí ọ pé kí o wá jẹun, o kò wá. Wọ́n ní ó ń kú, o ti dé kí ọ̀rọ̀ tó tutù lẹ́nu dókítà. Bí Ọlọ́run bá fẹ́ gbà á, Ó mọ òsì, Ó mọ ọ̀tún. Rifaat, bá wọn ti ibùsùn bàbá rẹ."

Wọ́n tì í. Èmi di rọ́bà mú lẹ́nu rẹ̀, Sabrin ń kó wáyà, Karam tó ti sá kúrò lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀ ń ti ẹ̀rọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ti fojú wọn rọ́bà atẹ́gùn tó ti ara ògiri wá. Ó ku bí ìka mẹ́rin kó má tó, ṣùgbọ́n ó tó. A yí i sórí òsì. Fèrèsé wà níwájú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ríran wo òrùlé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àná.

Mo yọ òrùka. Mo kán omi oníyọ̀ díẹ̀ sínú rọ́bà. Mo ní kí Karam tú u kúrò lára ẹ̀rọ, kó máa fi báàgì rọ́bà fẹ́ ẹ fún mi: "Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kún, dúró, wá jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Má ṣe é bí ẹni tó ń tẹ fèrè kẹ̀kẹ́." Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo egungun ìhà rẹ̀ lábẹ́ abíyá. Kì í ṣe lílù, ẹ̀yin tí ẹ rò pé lílù ni. Bó bá ń mí wọlé, ọwọ́ á tẹ̀ lé e, kò ní wúwo. Ibi tó bá ti yí padà tó fẹ́ mí jáde, níbẹ̀ gan-an ni ọwọ́ á ti wọlé, á gbọ̀n, á sì fún un títí èémí yóò fi tán. Bí o bá yára jù, o ń dí i lọ́wọ́. Bí o bá pẹ́ jù, o ń fọwọ́ pa ẹran lára. Kò sí ìwé tó kọ́ mi ní ìyẹn; àyà àwọn ènìyàn ló kọ́ mi, kò sì sí èyí tó fún mi ní ìwé ẹ̀rí nínú wọn.

A ṣe mẹ́wàá. Mo ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé, mo fà. Omi lásán ló wá. A tún ṣe mẹ́wàá. Kò sí nǹkan kan. Nọ́ńbà bọ́ sí mọ́kànlélọ́gọ́rin.

"Ó ti ń lọ," ni Metwalli wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Rifaat," ni mo wí, n kò gbójú sókè, "bí bàbá kékeré rẹ bá tún sọ̀rọ̀, fi aṣọ dí i lẹ́nu."

A tún ṣe mẹ́wàá. Òógùn ń kán láti agbọ̀n mi sórí aṣọ Àlàájì. Nọ́ńbà ti di mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ẹ̀rù bà mí. Mo rí pépà tí mo fọwọ́ sí lójú inú mi. Mo rí Ìyá Rifaat tó di irin ibùsùn mú, tí ètè rẹ̀ ń lọ láìsí ohùn. Karam gbójú wo nọ́ńbà. "Àǹtí, ṣé kí a dá a padà sórí ẹ̀rọ?"

"Tẹ̀ ẹ́."

"Àǹtí, mẹ́tàdín..."

"Mo mọ̀ ọ́n kà. Tẹ̀ ẹ́!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Mo fún un. Nǹkan kan yẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi. Ẹni tó bá ti fa okùn kànga tó há rí yóò mọ̀ ọ́n: kò tíì jáde, ṣùgbọ́n ó ti yẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó gùrùgùrù lábẹ́ ìka mi. "Ó ń bọ̀. Tún tẹ̀ ẹ́. Ó ń bọ̀, ọmọ ará Damanhur, ó ń bọ̀!" Mo ti rọ́bà wọlé, mo fà, ó dí rọ́bà. Mo fa rọ́bà jáde tòun ti nǹkan tó gbé sẹ́nu, mo gbé e sórí aṣọ funfun.

Ó gùn tó ìka àárín mi. Ó ní ẹ̀ka mẹ́ta, bí gbòǹgbò igi kékeré, ó ki bí àtè, àwọ̀ rẹ̀ bí tábà tó ti pẹ́ lómi. Gbogbo ikú tí wọ́n ti ń kí káàbọ̀ láti àná, òun náà nìyẹn.

A dá a padà sórí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́, kò ké. Apá ọ̀tún àyà rẹ̀ gbéra, ó gbé jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ìgbà tí wọ́n máa fi pe Àílà ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ọsibítù, ó ti di mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, Ìyá Rifaat sì ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Ẹ ò ní béèrè ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ? Ó padà wá lẹ́yìn ìrun, ó na pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ sí nọ́ńbà, ó yíjú sí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ rí i? Oògùn tuntun tí mo kọ fún un ní Ọjọ́bọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Karam nìkan ni kò kọ nǹkan kan. Metwalli ní tirẹ̀ sọ fún gbogbo ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé àdúrà tí òun lẹ̀ mọ́ ògiri ni, ó sì pín mínírà olómi òdòdó, tí a máa ń mu lọ́jọ́ ayọ̀, fún wọn. Ó fún Ọ̀jọ̀gbọ́n ní méjì. Kò fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òùngbẹ kò gbẹ mí tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọn kò tilẹ̀ bá mi jà. Bí wọ́n bá bínú sí mi, ìyẹn á yé mi. Ṣùgbọ́n wọ́n kàn gbàgbé mi ni, bí wọ́n ṣe ń gbàgbé ìgbálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Iṣẹ́ kò tíì tán. Ọjọ́ márùn-ún ni mo tún fi fún àyà yẹn, àárọ̀ àti ọ̀sán, èmi àti Karam, tó ti mọ báàgì tẹ̀ báyìí bí ènìyàn gidi. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n yọ rọ́bà lẹ́nu Àlàájì Abdel-Mawgoud. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Bí kò bá lè wúkọ́ fúnra rẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ máa ti rọ́bà náà padà." Lẹ́ẹ̀kan yìí, ó sọ òótọ́. Ẹni tí wọ́n bá sì ti rọ́bà padà fún ní ọjọ́ orí yẹn, díẹ̀ ló ń kúrò níbẹ̀ láàyè.

Mo gbé e jókòó. Ó rù, irùngbọ̀n rẹ̀ dàrú, ojú rẹ̀ ń wá ibi tó wà.

"Àlàájì, ẹ wúkọ́."

Ó mi orí pé rárá.

"Ẹ wúkọ́, mo bẹ̀ yín. Mo ń gbọ́ ọ láyà yín, ó ń hó bí ìkòkò ẹ̀wà."

"Àyà ń dùn mí." Ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́ páànù.

"Ó gbọ́dọ̀ dùn yín. Àyà òkú nìkan ni kì í dunni."

"Fi mí sílẹ̀."

"N kò fi yín sílẹ̀." Mo gbé ọwọ́ lé ìhà rẹ̀ níbi tí ara ti ń kan án, mo tẹ̀ ẹ́. Ó pariwo.

"Ta ni obìnrin yìí? Ìyá Rifaat! Ta ni wọ́n gbé ọmọ odó lé lọ́wọ́ pé kó wá fi gún mi?"

"Insaf ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Gbọ́ tirẹ̀."

"Insaf, Ọlọ́run á bi ọ́ o."

"Ọlọ́run á bi mí. Ẹ ṣì bú mi sí i. Èébú gba èémí, Àlàájì. Ẹ fà á láti ìsàlẹ̀. Ẹ bú ìyá mi. Ẹ bú ìyá ìyá mi, ará abúlé Kafr ni, ẹni tó bá bú wọn kì í jẹ wọ́n ní gbèsè."

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó fa èémí, ọ̀tún àti òsì gbéra pọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, ó la ẹnu pé kó bú ìyá ìyá mi. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ni ikọ́ gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wúkọ́. Ikọ́ gidi ni, ti inú ìsàlẹ̀ pátápátá, ó mi ibùsùn. Mo gbé abọ́ sí i lẹ́nu, ó tu sí i. Ìyá Rifaat fi ahọ́n ké ìkéayọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń gbé ìyàwó wọlé, Sabrin náà gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọjú láti ibùsùn kẹrin. "Ta ló ń pariwo nínú wọ́ọ̀dù mi?"

"Àlàájì ló wúkọ́," ni mo wí. Mo na abọ́ sí i. "Ẹ máa bọ̀, ẹ wá wò ó."

Kò wá. Mo yí padà sí aláìsàn mi, ó ti ń mí hẹlẹ, ó ń fi ojú bú mi.

"Ẹ tún bú mi, Àlàájì," ni mo wí. "Ti àkọ́kọ́ yẹn kò tíì jinlẹ̀ tó."